Ọ̀rọ̀ Tí Dókítà Ọ̀la Kò Sọ

Dókítà Ọ̀la ni àwọn ará ilé wọn ń pè é, wọn kò sì fi yìn ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń kàwé láti di dókítà. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Dókítà tí ń tọ́jú ọkàn ni, èyí tí ń gba àwọn àgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrònú ní ilé ìwòsàn, tí ó sì ń ran àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ tàbí ìwà bá dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi ìyá rẹ̀ léèrè ìgbà tí yóò parí, ìyá yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ọ̀la ni." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á, kódà bàbá rẹ̀ tí kì í bá ènìyàn ṣeré máa ń béèrè lórí tẹlifóònù pé ṣé Dókítà Ọ̀la ti jẹun.

Kò bínú, nítorí ó mọ ohun tí òun ń wá. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, nínú yàrá kótópó kan tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àga kéékèèké, àti àpótí kan tí búlọ́ọ̀kù aláràbarà àti káàdì oníàwòrán kún inú rẹ̀. Ohun tí ó fi ń wo bí ọmọ ṣe ń ronú nìyẹn. Ìwé ìwádìí tí ó ń kọ dá lórí àwọn ọmọ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ nílé, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ gbólóhùn kan ní kíláàsì.

Ọ̀gá tí ń tọ́ ọ sọ́nà ní yunifásítì, ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ràn àsọdùn, ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Béèrè ìbéèrè kékeré kan, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́. Má bá a wá ọ̀rọ̀. Má rẹ́rìn-ín láti fi lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Jókòó bí ẹni tí kò kánjú, ẹni tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ yóò sọ ọ́ bí ó bá yá. Dókítà Ọ̀la kọ́ ọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Ó mọ́ ọn lára ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀yin náà yóò sì rí i.

Inú yàrá kótópó yẹn ni ìfẹ́ ti wá bá a. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá, wọ́n ní olódo ni, pé kò mọ nǹkan kan lórí pátákó. Dókítà Ọ̀la gbé káàdì lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì gbé e súnmọ́ imú rẹ̀. Kíá ni ó ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tí ń yẹ ojú wò.

Ẹni náà dé pẹ̀lú àpò awọ lọ́wọ́, ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kí ó tó lè wọlé. Ó yẹ ojú ọmọ náà wò tán, ó yíjú sí Dókítà Ọ̀la pẹ̀lú ìdùnnú.

"Ọmọ yìí kì í ṣe olódo, mà. Kò rí pátákó rárá ni."

"Mo mọ̀," ni ó dá a lóhùn. "Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n pè yín nìyẹn."

Ọkùnrin náà wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé òun ni òun máa jẹ́ akọni lónìí.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí gíláàsì ojú tí ó tú ní iléèwé yẹn tí Onígíláàsì, bí àwọn tísà ti ń pe ọkùnrin náà, kò fúnra rẹ̀ wá dì. Àwọn tísà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹnìkan tilẹ̀ dọ́gbọ́n tú gíláàsì tirẹ̀ kí ó lè rí ìran wò. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń jókòó papọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì tí ó wà ní ìkọjá ọ̀nà, wọ́n ń mu tíì, òun ń sọ̀rọ̀, Dókítà Ọ̀la ń gbọ́. Ó ti sọ ti bàbá rẹ̀ tí ó ti kú, ó ti sọ ti ìyá rẹ̀ tí ń rán aṣọ ìyàwó, kí ó tó ṣàkíyèsí ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

"Èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti mọ ara wa," ni ó wí. "Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

Ìbéèrè náà bá a lójijì. Ó ní òun fẹ́ parí ìwé òun, kí òun sì ní ilé tí ẹnìkan yóò máa pariwo nínú ilé ìdáná rẹ̀. Onígíláàsì ní kò sí ẹni tí ó mọ ariwo pa nínú ilé ìdáná tó òun. Kò ní kí ó fi ìwé sílẹ̀, kò sì béèrè ìgbà tí yóò parí. Ó ní òun máa dúró. Dókítà Ọ̀la fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn débi pé ó dẹ́rù bà á.

Nílé wọn, inú ìyá rẹ̀ dùn títí ó fi fẹ́ bà á jẹ́. Ó ní kí wọ́n tètè ṣe ìgbéyàwó, kí ìwé dúró ná, ìwé kò ní sá lọ. Dókítà Ọ̀la ní ó ku díẹ̀ kí òun parí, òun kò sì ní dúró ní bèbè. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni ó bá wọn parí rẹ̀. Àǹtí Onírun ni gbogbo ẹbí ń pè é, nítorí irun ni ó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò ní irun lórí mọ́ ṣì ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe alárinà. Òun náà ni ó lọ bá ìyá Onígíláàsì, tí ó sì padà wá pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ pé wọ́n ní kí ìyàwó wá kí àwọn.

Ìyá Onígíláàsì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ́ tónítóní, ilé rẹ̀ kún fún aṣọ funfun tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Ó ní kí ọmọ òun lọ ra búrẹ́dì wá, ó sì ku àwọn obìnrin méjèèjì. Dókítà Ọ̀la wá ọ̀rọ̀ tí kò léwu. Ó rí fọ́tò ọmọ jòjòló kan lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé ó máa ń sunkún púpọ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, mà?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò rántí dáadáa. Ẹlòmíràn ì bá fò ó, ì bá bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ṣùgbọ́n Dókítà Ọ̀la dákẹ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó kàn jókòó pẹ̀lú ojú tútù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jókòó nínú yàrá rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì kánjú. Ìyá náà fọwọ́ pa aṣọ tábìlì. Ó tún un pa. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ là.

Ó ní òun kò rántí nítorí pé òun kò sí níbẹ̀. Nígbà tí òun bí i, òun kò fẹ́ rí i sójú. Òun a gbọ́ igbe rẹ̀, ara òun a tutù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan òun tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun sì jáde kúrò nílé, òun wọ mọ́tò, òun kò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n òun ni ó gbé ọmọ náà títí ara òun fi yá tí òun fi padà wá. Ọkọ òun dárí ji òun, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Ọmọ náà kò mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ lọ ṣe ní ìlú mìíràn.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Onígíláàsì ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá náà fò dìde bí ẹni tí ó jí lójú oorun. Ó wo Dókítà Ọ̀la, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀.

"Kí lo ṣe fún mi?" ni ó bi í jẹ́jẹ́.

Wọ́n jẹ búrẹ́dì náà. Kò sí ẹni tí ó mọ adùn rẹ̀ àfi Onígíláàsì.

Nígbà tí Àǹtí Onírun tún dé, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní òun kò rí irú èyí rí. Ìyá Onígíláàsì ní òun kò kórìíra ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ẹni tí ń túlé ọkàn ènìyàn wò ní ìdílé òun. Bí ó bá lè fi ìwé yẹn sílẹ̀, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn, ilé ti di tirẹ̀. Bí kò bá lè fi í sílẹ̀, kí olúkálukú máa lọ ní ìrọ̀rùn.

"Kí lo sọ fún obìnrin yìí?" ni àǹtí béèrè.

"Mi ò sọ nǹkan kan, Àǹtí."

Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ìyá tirẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkọ rere kò wọ́pọ̀, pé ta ni ìwé gbá mọ́ra rí. Dókítà Ọ̀la gbọ́ ọ títí, ó sì ní òun kò ní fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò dùn ún. Ó ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì, ó ń nu ojú rẹ̀ kí ó tó wọ iléèwé, ó sì ń jókòó ti àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ti rí ọmọ tí ó sọ gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ níwájú òun, ní ohùn kékeré, pé òun fẹ́ mu omi. Kò mọ bí òun ṣe lè sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé òun ti ta iṣẹ́ náà fi gba ọkọ.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ta ló pè ọ́ síṣẹ́ nínú ilé yẹn?"



Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹni tí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn, òun ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ìyá yẹn kò wá. Dókítà Ọ̀la ni ó gbé iṣẹ́ lọ bá a nílé, níbi tí ó ti yẹ kí ó jẹ́ àlejò, kí ó máa yin aṣọ. Nítorí náà ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun tí o ti gbọ́," ni ó wí, "ìwọ kọ́ lo ni ín. Ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò rọrùn níwájú Onígíláàsì. Ó ti bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ti bi í lẹ́ẹ̀kejì, Dókítà Ọ̀la sì ń sọ ohun kan náà fún un, pé ẹnu ìyá rẹ̀ ni kí ó ti gbọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kò sọ. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro oríṣiríṣi: bóyá àìsàn wà nínú ẹbí, bóyá òun kọ́ ni ọmọ bàbá òun. Ó rù. Kò wá di gíláàsì ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí ìgbà àyẹ̀wò ojú tún dé, ó wá sí iléèwé, ó dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí àwọn ọmọ fi lọ tán.

"Mo ti fara dà á tó," ni ó wí. "Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Sọ ọ́ fún mi, màá dojú kọ màmá mi, a ó sì ṣe ìgbéyàwó kí oṣù yìí tó parí. Wọn ò ní í rí nǹkan kan ṣe sí i."

Dókítà Ọ̀la wò ó. Gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò burú tó ohun tí ọkùnrin náà ń rò, pé bí òun bá sọ ọ́, oorun rẹ̀ yóò padà. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìgbéraga ni ó ń ṣe òun, bóyá orúkọ dókítà ni òun ń tọ́jú tí òun ń pè é ní òótọ́ inú. Ó ro ìyá náà, bí ó ṣe fò dìde. Ìgbà yẹn ni ó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Ká ní kò kàwé rí, kò ní sọ ọ́.

"Bí mo bá sọ tiwọn fún ẹ lónìí," ni ó wí, "ọjọ́ wo lo máa tó gbà pé mi ò ní sọ tìẹ fún ẹlòmíì?"

"Nítorí náà, iṣẹ́ lo yàn."

"Ìwọ náà ni mo yàn. Ìwọ àti màmá ẹ lẹ ní kí n mú ọ̀kan."

 Onígíláàsì gbé àpò awọ rẹ̀, ó sì lọ. Dókítà Ọ̀la padà sínú yàrá rẹ̀, ó to àwọn búlọ́ọ̀kù sínú àpótí ní àwọ̀ ní àwọ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Òjò wá, òjò lọ. Ó kọ orí tí ó le jù nínú ìwé rẹ̀ ní àkókò yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ dá a padà pé kí ó tún un kọ, ó sì tún un kọ láìjiyàn. Àǹtí Onírun kò dẹ́kun àtilọ bá ìyá Onígíláàsì. Ó ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọrọ àforíjì láìmọ ohun tí ó ṣẹ̀, ó sì ń padà wá sọ pé wọ́n fún òun ní tíì, wọn kò fún òun ní èsì.

Ní ọjọ́ kan tí Dókítà Ọ̀la ń kọ ìjábọ̀ lórí ọmọ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Onígíláàsì ni. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Kò kí i.

"Ọmọ mi jágbe mọ́ mi ní àná," ni ó wí. "Kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ó ní nítorí ohun tí mo sọ fún ẹ ni o ṣe kọ òun, torí o ò gbà láti sọ ọ́."

"Mi ò kọ̀ ọ́, mà."

"Ṣé o ò sọ fún un lóòótọ́?"

"Rárá, mà."

"Kódà nígbà tó fẹ́ lọ?"

"Kódà nígbà náà, mà."

Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti gbà pé ọmọ òun ti mọ̀. Bí ó bá dákẹ́ nídìí oúnjẹ, òun a rò pé àánú òun ni ó ń ṣe é. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, òun a ní ó ń tan òun ni. Òun kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́, nítorí náà ni òun ṣe fẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ jìnnà sí àwọn.

Dókítà Ọ̀la dìde kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Òun wá kí wọn ni, ṣùgbọ́n òun jókòó tì wọ́n bí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun sì gba ohun tí wọn kò fẹ́ fún òun. Ó ní òun mọ̀ pé àárẹ̀ kan wà tí ó máa ń mú ọkàn àwọn abiyamọ mìíràn, pé kì í ṣe ìwà burúkú, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o lè tọ́jú mi?" ni ó béèrè nígbà tí ó yá. "Ṣebí ìwọ lo ti mọ̀ ọ́n."

"Mi ò lè jẹ́ dókítà yín, mà," ni ó dá a lóhùn. "Ọmọ yín ni mo fẹ́ jẹ́. Èèyàn ò lè jẹ́ méjèèjì."

Ó júwe ilé ìwòsàn kan fún un, àti obìnrin tí yóò béèrè níbẹ̀. Ìyá náà dìde láìsọ bóyá òun yóò lọ tàbí òun kò ní lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Dókítà Ọ̀la dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n ní kí ó jáde, wọ́n sì tún pè é wọlé láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti parí. Ó pe ìyá rẹ̀, ìyá sunkún lórí tẹlifóònù, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò parí. Dókítà Ọ̀la kò bá a jiyàn. Ayọ̀ náà pọ̀, ó sì mọ ẹni tí òun ì bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Àǹtí Onírun wá mú un. Kò sọ ju pé ìyá Onígíláàsì ní kí àwọn máa bọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, àǹtí ní òun fẹ́ wo aṣọ ní yàrá kejì, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Onígíláàsì wà níbẹ̀. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi pe òun. Ó wo Dókítà Ọ̀la, ó sì tètè gbé ojú kúrò.

"Mo ń lọ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn," ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ẹ látijọ́."

Dókítà Ọ̀la dìde. Ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni, ó sì rò pé ibi tí ó yẹ òun ni ìta.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró lọ́dọ̀ Àǹtí, mà."

"Jókòó," ni ìyá náà wí. "Ẹbí mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Ó jókòó. Ìyá náà sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, igbe ọmọ, bẹ́ẹ̀dì, mọ́tò, àti bí kò ṣe wẹ̀yìn. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí ó sọ tán, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń dúró de ìdájọ́ tí ó ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

 Onígíláàsì dìde, ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nílẹ̀, pẹ̀lú bí ó ṣe ga tó.

"Ẹ ṣáà padà wá, Mọ́mì," ni ó wí.

Ìyá náà bú sẹ́kún. Onígíláàsì na ọwọ́ kejì sí Dókítà Ọ̀la, ìyẹn sì lọ bá wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Òun náà sunkún, kò pa ẹ̀kún mọ́ra bí oníṣẹ́. Ọmọ ilé ni.